Ọwọ́ Clarisse Agbegnenou

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wò. Ẹsẹ̀ máa ń yá ju ohun tí ojú lè bá lọ, ojú òṣèré náà sì lè tan ni jẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ Clarisse Agbegnenou, obìnrin tó ń ja júdò fún ilẹ̀ Faransé, ló ń sọ bí ìjà yóò ṣe rí kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gun orí ẹní, tó tẹríba fún ẹni tó fẹ́ bá jà, tí rẹfirí sì ní ó yá, ọwọ́ méjèèjì á gòkè wá síwájú àyà, ìka á ṣí, ìgbọ̀nwọ́ á sún mọ́ ìhà. Kì í sáré. Kì í fò sókè sódò. Á máa rìn bọ̀ ni, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa wọ́ lórí ẹní, kò ní jẹ́ kí ó kúrò nílẹ̀ tán. Gíga rẹ̀ kò ju mítà 1.64 lọ. Èjìká rẹ̀ gbòòrò, ọrùn rẹ̀ ki, irun rẹ̀ á wà ní dídì mọ́ orí pinpin. Lẹ́yìn aṣọ ìjà rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n kọ FRA sí abẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni aṣọ pélébé tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sí fi jẹ́ pupa, nítorí ẹni tí oyè àgbáyé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ń lẹ irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ dojú kọ ọ́ ti mọ̀ láti òkèèrè irú ẹni tí òun ń lọ bá.

Ní Òṣogbo níbí, júdò kì í ṣe eré tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ní gáréèjì. Ilé ìwòran tó wà láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń pa owó fún wọn. Bí èèyàn bá dárúkọ júdò, kàrátè ni ọ̀pọ̀ á gbọ́, wọ́n á sì gbé ẹsẹ̀ sókè kan láti fi hàn pé ó yé àwọn. Àwa díẹ̀ tí à ń tẹ̀lé e, orí fóònù ni a ti ń tẹ̀lé e. Àjọ júdò àgbáyé ń gbé ìjà sórí YouTube, dátà sì ni owó ìwọlé wa. Bí ìdíje bá bọ́ sí Paris nínú oṣù Èrèlé, aago tiwọn àti tiwa dọ́gba, èèyàn á jókòó ti fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé láìfi oorun du ara rẹ̀. Tokyo ló le. Wákàtí 8 ni wọ́n fi ṣíwájú wa, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ń ja àṣekágbá lálẹ́ lọ́hùn-ún, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, àsìkò tí ọ̀gá ń retí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́.

Síbẹ̀, kò yẹ kí eré yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Kí ọkọ̀ rékọjá Ìkìrun, kó máa lọ sókè, Ọ̀fà ni, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ pé oríkì rẹ̀ kò ṣeé kì láìdárúkọ ìjàkadì. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní Òṣogbo náà, ta ni kò ṣe gídígbò lórí iyanrìn nígbà èwe? Òfin rẹ̀ kò pọ̀: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a. Jigoro Kano dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, òfin tó ga jù nínú eré rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Ẹni tí wọ́n bá fi agbára àti ìyára jù, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, ìjà ti parí. Ippon nìyẹn. Bí ẹ̀yìn kò bá balẹ̀ tán, waza-ari ni, méjì rẹ̀ sì di ippon kan. Wọ́n tún lè dè é mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, wọ́n lè fún un lọ́rùn, tàbí kí wọ́n tẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ títí á fi fọwọ́ lu ẹní pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú 4 ni ìjà kan. Bí wọ́n bá wà ní ọ̀mì, wọ́n á máa jà á lọ láìní gbèdéke títí ọ̀kan á fi borí. Bàbá àgbà tó bá ti wo gídígbò rí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kò nílò ju èyí lọ láti mọ ẹni tó borí. Ìyókù òfin, ẹ ó máa kọ́ ọ bí ẹ ti ń wò ó.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí gídígbò ni aṣọ. Nínú gídígbò, ara ni wọ́n ń gbá mú, ara sì ń yọ̀ nítorí òógùn. Nínú júdò, aṣọ gan-an ni ohun ìjà. Òwú tó nípọn ni wọ́n fi hun ún, ọrùn rẹ̀ le, apá rẹ̀ fẹ̀. Wọ́n máa ń wọn apá aṣọ yìí kí òṣèré tó gun orí ẹní, kí ó má baà fún débi tí ọwọ́ ẹnìkejì kò ní rí nǹkan dì mú. Ọ̀kan á wọ funfun, èkejì á wọ búlúù. Láti 2013, ẹni tó bá wà lórí ìdúró kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú ẹsẹ̀ ẹnìkejì mọ́, gbogbo ìjà ọwọ́ wá gòkè sí ọrùn, èjìká àti apá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ di aṣọ mú bó ti fẹ́ ló ti ni ìdajì ìjà. Mo ti wo ọ̀pọ̀ òṣèré tó mọ èyí, n kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó obìnrin yìí.

Ẹ wò ó. Ọwọ́ kan ń wá ọrùn aṣọ, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, nígbà mìíràn á ré kọjá lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ọwọ́ kejì ń wá apá aṣọ nítòsí ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó ń bá a jà gbá ọwọ́ náà dànù. Ó tún gbé e wá. Wọ́n tún gbá a dànù. Ó na ọ̀kan láti fi tan án, èkejì wọlé. Ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọn olùkọ́ júdò máa ń tẹnu mọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ká mọ́ aṣọ, nítorí apá ibẹ̀ ni ìdìmú tó le ti ń wá, ti àtàǹpàkò kàn ń tẹ̀ lé e ni. Iṣẹ́ yìí ń fìyà jẹ ìka. Ẹ wo ọwọ́ àwọn ajùdó nígbà tí wọ́n bá ń gba àmì ẹ̀yẹ, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe fi páláásítà funfun di oríkèé ìka, ẹ ó sì rí àwọn ìka tó ti wú tí kò lè nà tán mọ́.

Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá ti wọlé, ara ẹnìkejì ló kù láti wò. Èjìká kan á lọ sílẹ̀. Orí á tẹ̀. Gìgísẹ̀ á fi díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó ṣubú, ẹni tí kò mọ eré náà á sì máa bèèrè ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò ni ara rẹ̀ mọ́. Agbegnenou á tì í sẹ́yìn díẹ̀, èyí á tì padà, ohun tí ó sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Á yí ìdí wọlé, itan á gbá itan, ẹsẹ̀ méjì á fò lókè, ẹ̀yìn á sì balẹ̀ gbì! Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn fídíò kéékèèké tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, ìṣubú yìí nìkan ni wọ́n máa ń fi hàn, wọn kì í fi hàn ohun tó fà á. Èmi kì í kà á sí wíwo júdò.

Rennes ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà 1992. Ọmọ Togo ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá, ẹ má jẹ́ ká fi agídí sọ ọ́ di ọmọ wa. Aládùúgbò wa ni, nítorí láti Òṣogbo, Lomé súnmọ́ wa ju Maiduguri lọ. Ìbejì ni, ọkùnrin ni ẹnìkejì rẹ̀. Oṣù wọn kò pé tí wọ́n fi dé, ara Clarisse kò sì le. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un bó ti kéré tó, ó sì wà nínú kóòmà kó tó jí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn yìí fáwọn oníròyìn nígbà púpọ̀, àwọn oníròyìn sì fẹ́ràn rẹ̀ jù, kò sí ìgbà tó gba àmì ẹ̀yẹ tí wọn kì í fi bẹ̀rẹ̀. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ye ikú kò ṣọ̀wọ́n láyé. Ẹni tó mọ aṣọ dì mú báyìí ló ṣọ̀wọ́n.

Ìpele kílò 63 ló ti ń jà. Ní 2013, ní Rio, ó dé àṣekágbá àgbáyé, Yarden Gerbi ọmọ Ísírẹ́lì fún un lọ́rùn níbẹ̀, ó sì borí rẹ̀. Ní ọdún kejì, ní Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá, Agbegnenou ló wọlé. Oyè àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tún gbà á ní 2017, 2018, 2019, 2021 àti 2023. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Nínú gbogbo obìnrin tó ti ja júdò, díẹ̀ ló jù ú lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ryoko Tani ti ilẹ̀ Japan, tó gbà á lẹ́ẹ̀meje.

Èyí tí mo máa ń tún wò jù ni ti 2019. Gbọ̀ngàn Nippon Budokan ní Tokyo ni, Miku Tashiro ọmọ onílé ló dúró níwájú rẹ̀, gbogbo ilé ń pariwo orúkọ ọmọ wọn. Ọdún tó ṣáájú, ní Baku, ippon ni Agbegnenou fi dá Tashiro. Lọ́tẹ̀ yìí Tashiro ti kọ́ ẹ̀kọ́, kò jẹ́ kí ọwọ́ wọlé. Ìṣẹ́jú 4 parí, kò sẹ́ni tó gba àmì. Wọ́n wọ àsìkò tí kò ní gbèdéke. Ọwọ́ lọ, ọwọ́ bọ̀. Ọ̀kan gbìyànjú, èkejì yẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, ìrìn wọn yí padà: Tashiro ń mí gùlegùle, Agbegnenou náà ń mí gùlegùle, rẹfirí á dá wọn dúró, wọ́n á tún aṣọ wọn ṣe, wọ́n á rọra rìn padà sí àárín bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi jáde, ni obìnrin yìí ń rán mi létí. Kì í bínú. Kì í pariwo. Kò ṣáà ní lọ. Ìjà náà ti lé ní ìṣẹ́jú 10 kó tó rí ohun tó wá gbà, tí ó sì gba oyè lójú àwọn ará ilé Tashiro. Àwọn Japan pátẹ́wọ́ fún un. Ó tọ́ sí i.

Olíńpíìkì ló pẹ́ kí ó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní Rio ní 2016, Tina Trstenjak láti Slovenia nà án ní àṣekágbá, ó gba fàdákà. Ọdún márùn-ún ló fi dúró, nítorí àrùn Kòrónà sún Olíńpíìkì Tokyo síwájú di 2021. Ní ọjọ́ 27 oṣù Agẹmọ ọdún náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Trstenjak yìí kan náà ló tún dúró dè é ní àṣekágbá. Ìjà wọ àsìkò tí kò ní gbèdéke, waza-ari kan ló parí rẹ̀, wúrà sì di ti Agbegnenou. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni ẹ wá rí: ó gbé Trstenjak sókè. Ẹni tó ti ń gbìyànjú láti gbé e jù sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó wá gbé e mọ́ra lókè, ó fi hàn àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún bá Faransé ja ìjà ẹgbẹ́ tọkùnrin-tobìnrin, èyí tí wọ́n ń jà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Olíńpíìkì. Ní àṣekágbá pẹ̀lú Japan, wọ́n fi í sí ìpele kílò 70, ó sì borí Chizuru Arai tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà ìpele náà lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú. Faransé fi 4 sí 1 gbé wúrà lọ.

Ó bí ọmọbìnrin kan, Athéna, nínú oṣù Òkúdù 2022. Nínú oṣù Èbìbí 2023, kí ọmọ náà tó pé ọdún kan, ìyá rẹ̀ ti gba oyè àgbáyé kẹfà ní Doha. Ó ṣì ń fún un lọ́mú nígbà náà, ọmọ sì ń bá a lọ sí ibi ìdíje. Àwọn ìwé ìròyìn Yúróòpù kọ̀wé jìnnà lórí èyí. Ní ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọmọ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́; ohun tó máa yà wọ́n lẹ́nu ni pé ó ṣòro fún àwọn aláṣẹ eré ìdárayá láti gbà fún un. Ó jà fún ẹ̀tọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bó ti ń jà fún ọrùn aṣọ, ó sì rí i gbà.

Andreja Leški, ọmọ Slovenia mìíràn, ni Agbegnenou dá ní àṣekágbá àgbáyé 2021 ní Budapest, òun náà ni ó dá ní Doha. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé júdò kò gbọdọ̀ gbójú fo irú ẹni báyìí, ẹni tó pàdánù lẹ́ẹ̀mejì tó sì padà wá. Ní Olíńpíìkì Paris, ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ 2024, lójú àwọn ará Faransé tó kún gbọ̀ngàn dẹ́nu, Leški borí Agbegnenou ní ìjà tó ṣáájú àṣekágbá, ó sì gba wúrà lálẹ́ ọjọ́ náà. Agbegnenou dìde, ó tún gun orí ẹní lọ́jọ́ kan náà, ó gba idẹ. Èmi ka idẹ yẹn sí púpọ̀. Ìpàdánù níbẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré: ọjọ́ méjì ṣáájú, Uta Abe ti Japan, tó gba wúrà ní Tokyo lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Hifumi, ṣubú lọ́wọ́ Diyora Keldiyorova ọmọ Uzbekistan, ó sì sunkún kíkankíkan tí ohùn rẹ̀ fi gba gbọ̀ngàn kan. Àwọn kan bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bú u kò tíì pàdánù ohunkóhun tó wọ́n wọn lójú bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ògún, Faransé àti Japan tún pàdé ní àṣekágbá ìjà ẹgbẹ́. Ó di 3 sí 3, kẹ̀kẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n yí láti yan ìpele tí wọ́n máa tún jà, ó sì dúró sí ti àwọn ọkùnrin tó wúwo jù. Teddy Riner, òmìrán ọmọ Guadeloupe tó ga tó mítà 2.04, ló dá Tatsuru Saito, tó fi gba wúrà náà fún gbogbo wọn. Riner ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú júdò, kò sì yà mí lẹ́nu: ó jà láti 2010 dé 2020 láìpàdánù, ìjà 154 léraléra. Ṣùgbọ́n ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìdajì ohun tí à ń wò ni ara rẹ̀. Ti Agbegnenou, gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́.

Nàìjíríà náà ní ajùdó. Catherine Ekuta gbé aṣọ wa lọ sí Olíńpíìkì Beijing ní 2008 nínú ìpele kílò 57, wọ́n sì ń ja júdò ní ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè wa. Bó bá jẹ́ ti ìjàkadì tòde òní, ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pààlà ní Odunayo Adekuoroye, tó gba wúrà Commonwealth lẹ́ẹ̀mẹta, ní 2014, 2018 àti 2022. Nítorí náà ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọmọbìnrin wa kò lè gbé èèyàn jù. Ohun tí Òṣogbo àti Iléṣà kò ní tó ni ilẹ̀ tí wọ́n lè ṣubú sí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ń kọ́ nínú júdò ni bí wọ́n ti ń ṣubú: àgbọ̀n á kan àyà, apá á na, ọwọ́ á lu ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni ó máa ṣe é kó tó mọ̀ ọ́n. Lórí sìmẹ́ńtì, èjìká á yẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Lórí iyanrìn, ẹsẹ̀ á rì, kò ní lè yípo.

Ẹní ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ̀yin tó ń ṣètò eré ìdárayá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ fi kóòtù, fèrè àti aṣọ eré sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó rí já jẹ, tí ẹ ń wálé náwó nígbà ọdún Ìwúdè, ẹ ra ẹní tó máa tẹ́ yàrá kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ wọn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá ní òun fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ.